Àtúnṣe ilé ṣáájú títà ní ilẹ̀ Okun

Àtúnṣe ilé ṣáájú títà ni iṣẹ́ tí onílé tàbí ẹbí ń ṣe sí ara ilé kí wọ́n tó fi í han oníbàárà. Lára rẹ̀ ni dídí òrùlé tí ń jò, rírẹ́ ògiri tí ó là, lílé ikán, kíkun ọ̀dà, àti títún kànga, ṣaláńgá àti wáyà iná mànàmáná ṣe. Ní Kàbà àti ní àwọn ìlú Okun yòókù ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ọ̀rọ̀ náà kò parí sọ́dọ̀ bíríkìlà àti káfíńtà. Ọ̀pọ̀ ilé tí ó ń dé ọjà níbẹ̀ jẹ́ ilé tí bàbá fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí wọ́n ti tàn ká Abùjá, Lọ́kọ́ja, Ìlọrin àti Èkó. Ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ pààrọ̀ páànù nínú wọn lè rò pé òun ti di onílé. Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ Okun àti àwọn ilé ibẹ̀

Okun ni orúkọ àpapọ̀ tí à ń pe àwọn Yorùbá tí wọ́n ń gbé ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí, èyíinì ni Owé, Bùnú, Ìyàgbà, Ìjùmú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Láti inú ìkíni wọn, «okun», ni orúkọ náà ti jáde. Kàbà ni ìlú àwọn Owé, Ọbaro sì ni oyè ọba rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Kàbà/Bùnú. Ìlú náà wà láàárín àwọn òkè olókùúta. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, lẹ́yìn náà ni ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ yóò dé. Ìpààrọ̀ yìí, kí ilẹ̀ rin gbingbin fún oṣù méje kí ó sì gbẹ háúháú fún ìyókù ọdún, ni ó ń ṣe ògiri ní jàǹbá jù.

Ní òpópónà kan ṣoṣo ènìyàn lè rí ògiri amọ̀ tí a rẹ́ símẹ́ǹtì sí lára, ògiri bíríkì sísun, àti ògiri búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù tí ó wọ́pọ̀ ni oní-íńṣì-mẹ́sàn-án, tí ó gùn ní 450 mìlímítà, tí gíga àti ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 225 mìlímítà, àti oní-íńṣì-mẹ́fà tí ìbú tirẹ̀ jẹ́ 150. Ilé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì Dangote tí ó wà ní Ọbájánà, ní ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀, kò jìnnà sí Kàbà, ọ̀nà tí ó so ìlú méjèèjì pọ̀ pàápàá jẹ́ ọ̀nà kọnkéré. Síbẹ̀, pé símẹ́ǹtì wà nítòsí kò sọ ọ́ di oògùn gbogbo ògiri, gẹ́gẹ́ bí a óò ti rí i nísàlẹ̀.

Ohun tí olùtà ń tà ní ojú òfin

Òfin Lílo Ilẹ̀ tí ìjọba ológun gbé jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978 fi gbogbo ilẹ̀ tí ó wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa ṣe ìtọ́jú rẹ̀ nítorí àwọn ará ìlú. Ohun tí ènìyàn ní lórí ilẹ̀ ni ẹ̀tọ́ láti gbé orí rẹ̀. Abala 15 òfin náà sọ pé ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ yìí láti ọwọ́ ìjọba ni ó ni ohun tí a ti ṣe sórí ilẹ̀ náà, ó sì lè gbé e fún ẹlòmíràn bí gómìnà bá fọwọ́ sí i. Abala 51 ṣàlàyé ohun tí a ṣe sórí ilẹ̀ yìí: ohunkóhun tí owó tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn mú wá, tí ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, tí ó sì mú kí ilẹ̀ náà wúlò sí i. Ilé wà lára rẹ̀, kànga wà níbẹ̀, ọgbà tí a fi yí ilé ká náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn igi ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ní èrò òfin, nígbà náà, ilé àti àtúnṣe tí ó wà lára rẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí olùtà ní láti tà.

Ìtàn Kàbà yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn tàbí Èkó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ń sọ ní ọdún 1921, nínú ẹjọ́ Amodu Tijani, pé ilẹ̀ Èkó jẹ́ ti ẹbí àti ti ìlú, Kàbà wà lábẹ́ ìjọba Àríwá, níbi tí òfin ọdún 1910 ti fi ilẹ̀ sí abẹ́ àṣẹ ìjọba. Òfin Àríwá mìíràn ní ọdún 1962 tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1967 ni Kàbà bọ́ sínú ìpínlẹ̀ tí a wá ń pè ní Kwara, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni ó sì di ara Kogí. Ìyẹn ni pé ètò kí ìjọba fọwọ́ sí títà ilẹ̀ ti wà nínú ìwé òfin níbẹ̀ tipẹ́ kí ọdún 1978 tó dé. Nínú ilé, àṣà ni àwọn ẹbí ń tẹ̀ lé. Olùtà òní ní láti tẹ́ òfin àti àṣà lọ́rùn pọ̀.

Òrùlé

Òrùlé ni ó yẹ kí ó ṣáájú nínú gbogbo àtúnṣe, nítorí pé omi tí ó bá ti òkè wọlé ni ó ń ba àjà, ògiri àti wáyà jẹ́. Rírẹ́ ògiri kí a tó dí òrùlé dàbí ìgbà tí a nu ilẹ̀ lábẹ́ agbè tí ń jò.

Ìjì tí ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ ni ọ̀tá páànù. Ìjì kì í sábà fa páànù ya láti àárín; etí òrùlé ni ó ń gbà wọlé, yóò sì gbé páànù àti pákó tí a kàn án mọ́ sókè pọ̀. Nítorí náà iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí káfíńtà gun àjà, kí ó yẹ àwọn igi tí ó gbé òrùlé ró wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì rí i pé a fi irin tàbí wáyà tí ó nípọn so wọ́n mọ́ orí ògiri. Páànù tuntun tí a kàn mọ́ igi jíjẹrà yóò bá ìjì àkọ́kọ́ lọ, owó onílé yóò sì bá a lọ.

Orí òkè ìgbì páànù ni a ń kan ìṣó sí, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà ṣàn, ìṣó náà sì gbọ́dọ̀ ní róbà lábẹ́ orí. Níbi tí páànù òkè ti gun ti ìsàlẹ̀, ó yẹ kí wọ́n bo ara wọn ní 15 sẹ̀ǹtímítà, ó kéré tán. Ihò ìṣó àtijọ́ ṣeé fi bítúmẹ́nì dí. Páànù tí ó bá ti dógùn-ún dé ibi tí ìka lè gún un já kò ní àtúnṣe mọ́; kíkun ọ̀dà sí i lórí jẹ́ títan olùrà jẹ fún ìgbà òjò kan péré.

Àwọn ilé kan tí a kọ́ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní òrùlé tàbí àjà ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì. Èyí tí kò fọ́ tí a kò sì fọwọ́ kàn kì í sábà tú eruku jáde, ṣùgbọ́n bí a bá fi ayùn rẹ́ ẹ tàbí tí a fọ́ ọ, eruku rẹ̀ máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bí a bá fẹ́ yọ ọ́, a óò kọ́kọ́ da omi sí i, a óò tú u ní odindi láìfọ́ ọ, a kò sì gbọdọ̀ fi ìgbálẹ̀ gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá ń fi òòlù fọ́ ọ láìbo imú ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta ilé fún ẹlòmíràn.

Ògiri

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìlanu ni ó dọ́gba. Ìlà tínrín bí irun tí ó wà lójú símẹ́ǹtì tí a fi rẹ́ ilé, tí kò dé inú búlọ́ọ̀kù, kò ju kí símẹ́ǹtì sáré gbẹ lọ. Èyí tí ó dúró gbọọrọ níbi tí yàrá tuntun ti kan ilé àtijọ́ fi hàn pé ìpìlẹ̀ méjèèjì kò rì dọ́gba. Èyí tí ó ń gun bí àtẹ̀gùn láti igun fèrèsé lọ sí igun ilé ni ó yẹ kí ó ba onílé lẹ́rù, pàápàá bí ẹnu rẹ̀ bá fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, nítorí ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ máa yẹ̀ lábẹ́ igun náà.

Ọgbọ́n àtijọ́ kan wà láti mọ̀ bóyá ògiri ṣì ń rìn. A óò fi símẹ́ǹtì lẹ gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú ibi tí ó là, a óò kọ ọjọ́ sí i, a óò sì fi í sílẹ̀ títí òjò yóò fi rọ̀ tí ọyẹ́ yóò sì fi fẹ́ lé e. Bí gíláàsì náà bá fọ́, ògiri ṣì ń rìn, ìpìlẹ̀ ni a óò sì wò. Bí kò bá fọ́, a lè la ojú ibẹ̀, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì dí i. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún kan kí a tó tà á. Ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn ọmọ tí ó ti Abùjá wálé fún ọdún Kérésì fi ń ṣe gbogbo rẹ̀ kò tó láti mọ ohun tí ògiri ń ṣe.

Ti ògiri amọ̀ gba ìṣọ́ra púpọ̀. Amọ̀ máa ń fa omi sára, ó sì máa ń mí omi náà jáde; símẹ́ǹtì líle kì í jẹ́ kí ó mí. Nígbà tí a bá rẹ́ símẹ́ǹtì tí ó le sí ara amọ̀, ọ̀rinrin tí ó ti ilẹ̀ gòkè yóò há sẹ́yìn rẹ̀, amọ̀ yóò máa rọ̀ nínú, símẹ́ǹtì yóò sì wú kúrò lára rẹ̀ bí èèpo. Ẹni tí ó bá fi ìka kan ògiri bẹ́ẹ̀ yóò gbọ́ ìró òfìfo. Àtúnṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni kí wọ́n rẹ́ símẹ́ǹtì mìíràn sórí ti àkọ́kọ́, èyí tí ó ń fi kún ìwúwo láìwo àrùn. Ohun tí ó sàn jù ni kí a há gbogbo ibi tí ó ti wú kúrò, kí a jẹ́ kí amọ̀ gbẹ dáadáa nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí a fi amọ̀ tí a pò pọ̀ mọ́ koríko gígé dí àwọn ihò ńlá, kí a kan àwọ̀n wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn, kí a sì rẹ́ ẹ pẹ̀lú àpòpọ̀ tí símẹ́ǹtì rẹ̀ kò pọ̀.

Ìsàlẹ̀ ògiri ni omi tí ń kán láti etí òrùlé ń gbẹ́. Pèpéle tí àwọn bàbá wa ń mọ yí ilé ká kì í ṣe fún ìjókòó nìkan. Ó ń lé omi jìnnà sí ìpìlẹ̀. Àwọn ilé tí wọ́n ti wó pèpéle wọn kí ó lè dàbí ilé ìgbàlódé ti pàdánù ààbò yẹn, kọnkéré tí ó ní ìdàgẹ̀rẹ̀ àti gọ́tà ni ó sì lè rọ́pò rẹ̀.

Ikán

Ilé tí a tì pa fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin jẹ́ ilé ikán. Wọn kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀, nítorí náà ọ̀nà amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń mọ gba ara ògiri lọ sí òkè ni àmì tí ojú ń rí. Inú igi ni iṣẹ́ gan-an wà. Fífi orí ọ̀bẹ gún férémù ilẹ̀kùn, etí fèrèsé àti igi àjà ni àyẹ̀wò tí kò ná olùrà ní kọ́bọ̀, olùrà tí ó gbọ́n yóò sì ṣe é. Gbígbá ọ̀nà amọ̀ náà kúrò kò lé ikán. Ilé wọn wà nínú ilẹ̀, láti ibẹ̀ ni a ó sì ti bá wọn jà pẹ̀lú oògùn tí a dà sí ẹsẹ̀ ògiri. Àwọn kan ń fi ọ́ìlì ọkọ̀ tí a ti lò pa igi, èyí tí ó ń rùn tí kò sì jẹ́ kí ọ̀dà mú un. Igi ìrókò àti férémù irin ni ó ń pẹ́ jù, bí owó bá wà.

Omi, iná àti ṣaláńgá

A kò ní pẹ́ níbí. Kànga ní láti ní ìdérí àti ẹnu tí ó ga ju ilẹ̀ lọ, kí ó sì jìnnà sí ṣaláńgá tàbí sòkàwéè. 30 mítà ni ìwọ̀n tí àwọn amòye ìlera sábà máa ń dá. Bí ṣaláńgá àtijọ́ bá ti kún, kí a dí i pátápátá, kí a sì fi ojú ibẹ̀ han olùrà, nítorí ẹni tí kò mọ̀ lè kọ́ yàrá sórí rẹ̀.  Olùrà yóò fẹ́ mọ orúkọ tí ó wà lórí mítà àti gbèsè tí ó bá wà níbẹ̀, kí olùtà sì tètè yanjú rẹ̀. Wáyà àtijọ́ tí róbà ara rẹ̀ ti ń fọ́ kì í ṣe ohun tí a ń bò sẹ́yìn ọ̀dà.

Owó ta ni? Àtúnṣe nínú ilé ẹbí

Ká ní bàbá kan kọ́ ilé oníyàrá mẹ́jọ, ó sì kú láìkọ ìwé ìhágún. Ìyàwó mẹ́ta ni ó fi sílẹ̀, àti ọmọ mẹ́sàn-án. Ní ìlànà àṣà Yorùbá, ilé náà di ti gbogbo àwọn ọmọ pọ̀, ọkùnrin àti obìnrin. Láti ọdún 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní Èkó, ni ilé ẹjọ́ ti gbà pé ẹ̀tọ́ ọmọbìnrin wà nínú ilé bàbá rẹ̀. (Bí bàbá bá ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba, ìlànà mìíràn lè wọ inú rẹ̀.) Ìjì ṣí òrùlé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Abùjá, fi owó ránṣẹ́, wọ́n kan páànù tuntun, wọ́n rẹ́ ilé, wọ́n kun ún. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà oníbàárà dé.

Èrò ọmọ náà ni pé òun ni òun ni ilé. Èrò àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni pé ó ṣe oore fún ẹbí, oore kì í sì í ṣe gbèsè. Ìlànà tí àwọn ilé ẹjọ́ Nàìjíríà ti tẹ̀ lé láti ìgbà pípẹ́ kò fún un ní ilé náà: ẹni tí ó tún ilé ẹbí ṣe, tàbí tí ó kọ́ kún un, kò sọ ọ́ di ti ara rẹ̀, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Òfin kò gbà pé kí ọmọ tí ó rí já jẹ gba ilé lọ́wọ́ àwọn tí kò rí já jẹ nípa rírẹ́ símẹ́ǹtì sí i. Ṣùgbọ́n kò tọ́ bákan náà kí ẹni tí ó gba òrùlé là máa wo owó rẹ̀ bí ó ti ń lọ. Ọ̀nà tí ó wà láàárín ni àdéhùn, ṣáájú iṣẹ́ ni ó sì yẹ kí ó wáyé.

Àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò gba ju ojú ewé kan lọ. Kí ó sọ iye owó tí a óò ná àti ohun tí a óò fi í ṣe. Kí ó sọ bóyá ọrẹ ni tàbí owó tí a óò yọ fún ẹni tí ó san án kí a tó pín owó ilé. Kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀ka fọwọ́ sí i, tàbí kí wọ́n tẹ ìka. Rìsíìtì símẹ́ǹtì àti páànù, àti àwòrán ilé ṣáájú iṣẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀, tí WhatsApp ti mú rọrùn báyìí, yóò wà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ̀ láti kọ ọ́ sílẹ̀ máa ń sọ pé ọmọ ìyá kì í bá ara wọn kọ ìwé. Ọmọ bàbá kan náà tí ìyá wọn yàtọ̀ kì í sábà sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí tún ń padà wá nígbà pípín. Ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà pín ogún: ìdí-igi, níbi tí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan ti ń gba ìpín kan, àti orí-ò-jorí, níbi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ń gba tirẹ̀. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tí ó ti Èkó dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbà pé ìdí-igi ni ìlànà gan-an, àti pé olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí níbi tí èdè-àìyedè bá wà. Bí ìyá kan bá bí ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá kejì sì bí mẹ́fà, ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ẹni tí ó fẹ́ ná owó sí ilé títà yẹ kí ó mọ èyí tí ẹbí yóò lò kí ó tó ra àpò símẹ́ǹtì àkọ́kọ́.

Àṣẹ títà náà ní ìlànà tirẹ̀. Ní ọdún 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ nígbà náà sọ pé bí olórí ẹbí bá ta ohun ìní ẹbí láìsọ fún àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè lọ sí ilé ẹjọ́ kí a fagi lé e; ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹbí lásán bá tà á láìsí olórí ẹbí nínú rẹ̀, títà náà kò wáyé rárá. Olùrà tí ó ti san owó lè wá máa gbé inú ilé tí ó ti tún ṣe títí ọjọ́ tí ọmọ kan tí ó wà ní òkè òkun yóò fi padà wálé.

Sàréè inú ọgbà

Ní ilẹ̀ Okun, gẹ́gẹ́ bí ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ bàbá ni a sin sí inú ilé tí wọ́n kọ́ tàbí sí iwájú rẹ̀. Sàréè tí a fi táìsì tẹ́ kì í fara pamọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ yàrá lè bọ́ sábẹ́ símẹ́ǹtì tuntun nígbà àtúnṣe, tí kò sì ní sí àmì mọ́. Àwọn ẹbí kan ń yọ ibi sàréè kúrò nínú ilẹ̀ tí wọ́n tà, wọ́n ń mọ ọgbà kékeré yí i ká, wọ́n sì ń fi ọ̀nà sílẹ̀ láti dé ibẹ̀. Àwọn mìíràn kì í tà rárá. Ohun tí kò ṣeé gbà ni kí a fi símẹ́ǹtì bo sàréè mọ́lẹ̀ láìsọ fún olùrà. Ibi tí ó bá wà gbọ́dọ̀ hàn nínú àwòrán ilẹ̀ tí sọfíọ̀ yà.

Ìwé àti ìfọwọ́sí

Níbi tí ìjọba bá ti kéde pé ó jẹ́ ìgboro, abala 22 Òfin Lílo Ilẹ̀ sọ pé gómìnà ní láti fọwọ́ sí títà. Níbi tí ẹ̀tọ́ náà bá jẹ́ ti ìbílẹ̀, abala 21 fi ìfọwọ́sí náà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti ní ilé tàbí ilẹ̀ ṣáájú ọdún 1978 kò bọ́ nínú èyí. Ní ọdún 1989, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo: onígbèsè tí ó fi ilé dúró fún owó báǹkì láìgba ìfọwọ́sí ni ó tún padà wá sọ pé ìwé náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nítorí àìsí ìfọwọ́sí, ilé ẹjọ́ sì gbà fún un. Ọ̀pọ̀ àwọn agbẹjọ́rò ti bínú sí ìdájọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó kọ́ olùrà láti béèrè ìwé kí ó tó béèrè àwọ̀ ọ̀dà.

Ní títà lábẹ́ àṣà, ohun mẹ́ta ni ilé ẹjọ́ ń wá: pé a san owó, pé àwọn ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, àti pé a fa ilé lé olùrà lọ́wọ́ lójú wọn. Ìgbà tí a bá ń fa ilé lé ni lọ́wọ́ ni ó yẹ kí a mú àwọn ẹlẹ́rìí yí ilé náà po, kí a tọ́ka sí ààlà, kànga, ṣaláńgá tí a dí àti ibi tí a tún ṣe.

Àtúnṣe tí ń bo àbùkù

Ìlànà òfin lórí títà ilé ni pé kí olùrà fi ojú ara rẹ̀ wo ohun tí ó fẹ́ rà. Olùtà kò ní láti máa ka gbogbo àbùkù ilé síta. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín dídákẹ́ àti píparọ́: bí olùrà bá béèrè bóyá òrùlé ń jò tí olùtà sì sọ pé rárá, tàbí tí ó fi ọ̀dà bo ibi tí ó mọ̀ pé ó ń yẹ̀ kí ojú má baà rí i, olùrà lè wá ìfagilé títà náà àti owó ìtanràn. Ní Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, àgbàrá omi ọdún 2012 àti ti ọdún 2022 fi ìlà sí ara ògiri ọ̀pọ̀ ilé. Ọ̀dà kan lè pa ìlà yẹn rẹ́, kò sì lè dá odò dúró. Kàbà kò sí ní etí odò, ṣùgbọ́n irú ìwà kan náà wà níbẹ̀ lórí ògiri amọ̀ àti ikán.

Bí ó ti yẹ kí a ná owó tó jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí ilé bá jẹ́ ti amọ̀ tí ó sì wà ní etí ọ̀nà ọjà, ó ṣeé ṣe kí olùrà fẹ́ wó o kí ó sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Òrùlé tuntun níbẹ̀ jẹ́ owó tí a jù sínú igbó. Bí ilé bá jẹ́ ti búlọ́ọ̀kù tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ dúró, dídí òrùlé, títún ilẹ̀kùn àti fèrèsé ṣe, àti mímú ilé wà ní mímọ́ tó. Táìsì tuntun àti àjà olówó ńlá kì í sábà mú owó ara wọn padà, nítorí olùrà tí ó lówó ní ohun tí ojú tirẹ̀ fẹ́.

«Ilé yìí kì í ṣe títà»

Lára ògiri ilé púpọ̀ ní Nàìjíríà, Kàbà pẹ̀lú, ni ènìyàn ti lè ka gbólóhùn yìí, ní Yorùbá tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì, tí a fi ọ̀dà pupa tàbí dúdú kọ. Àwọn gbájúẹ̀ tí ń ta ilé onílé ni ó mú un wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ní ilé ẹbí ó sábà jẹ́ ọmọ kan ni ó ń fi í bá àwọn ọmọ yòókù sọ̀rọ̀. Pípa á rẹ́ jẹ́ iṣẹ́ ọ̀dà tí kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Akunlé tí a bá pè láti kun irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò ṣe dáadáa bí ó bá kọ́kọ́ béèrè ìwé tí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹ̀ka fọwọ́ sí, nítorí ẹni tí ó kọ gbólóhùn náà lè má tíì mọ̀ pé a ti fẹ́ ta ilé. Bí ìwé náà kò bá tíì sí, kí ó kun ẹ̀gbẹ́ yòókù, kí ó sì fi ògiri iwájú sílẹ̀ bí ó ti wà.